Ọwọ́ àti Ẹ̀rọ Nínú Iṣẹ́ Kúìlìtì: Ìtàn Ohun Tí Ó Wà Nídìí Yíyan Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tuntun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìrírí ni òwe yìí ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí ó sọ ọ̀rọ̀ inú òwe náà di ohun tí ojú ń rí. Àkísà tí àgbà kó jọ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń gé sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń rán pọ̀ di aṣọ ìbora tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò jogún. Kúìlìtì ni wọ́n ń pè é. Ìpele mẹ́ta ni ó ní: ojú òkè tí a fi ègé aṣọ oríṣiríṣi tò pọ̀, òwú tàbí ohun mìíràn tí ó móoru tí a tẹ́ sí àárín, àti aṣọ kan tí ó gba gbogbo ìsàlẹ̀. Ìrán tí ó la ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já, tí ó so wọ́n mọ́ ara wọn, ni ó ń sọ ọ́ di kúìlìtì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun fún irú iṣẹ́ yìí lónìí yóò bá ẹ̀rọ púpọ̀ pàdé. Òmíràn kò mọ̀ ju kí ó rán ojú ìrán tí ó tọ́ gbọnrangandan. Òmíràn ní kọ̀ǹpútà nínú, ó sì lè ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọnà. Olùrà lè rò pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ni yóò yanjú yíyàn náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ti lé ní àádọ́jọ ọdún: kí ni ó yẹ kí ènìyàn fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, kí sì ni ó yẹ kí ó fi sílẹ̀ fún ọwọ́ ara rẹ̀? Nítorí ìbéèrè yìí ni àwọn kan ṣe fọ́ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Faransé; nítorí rẹ̀ náà ni àwọn tí ń ṣe kúìlìtì ṣe bá ara wọn jiyàn títí di òpin ọ̀rúndún ogún. Ìtàn náà ni ó lè la ọ̀rọ̀ yìí yé ni.

Ẹ̀rù Tí Ó Kọ́kọ́ Ba Àwọn Aránṣọ

Ní ọdún 1830, télọ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, Barthélemy Thimonnier, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó ṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n fi to nǹkan bí ọgọ́rin irú ẹ̀rọ náà sí ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Paris, tí wọ́n sì ń fi wọ́n rán aṣọ àwọn ọmọ ogun. Ní ọdún 1831, àwọn télọ̀ ìlú náà ya bo ilé-iṣẹ́ yìí, wọ́n sì fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà. Ó rọrùn láti pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní òpè tí kò fẹ́ ìlọsíwájú. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́jọ́ kọ́kọ́ rántí pé abẹ́rẹ́ ni oko wọn, òun náà ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀rọ náà ni àwo oúnjẹ tí a ń gbé kúrò níwájú wọn.

Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọdún 1834, Walter Hunt, ará New York, ṣe ẹ̀rọ tí ó ń lo òwú méjì. Ìtàn sọ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó kọ̀ láti fi ẹ̀rọ náà ṣòwò, nítorí pé yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń fi ọwọ́ ránṣọ jẹun. Hunt kò gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí yóò fi padà wá béèrè, ẹlòmíràn ti gbà á.

Ẹlòmíràn náà ni Elias Howe, tí ó gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù September, ọdún 1846. Nínú ẹ̀rọ Howe, ihò abẹ́rẹ́ wà nítòsí ṣóńṣó rẹ̀, kì í ṣe ní ìdí bíi ti abẹ́rẹ́ ọwọ́. Òwú kan ń ti òkè wá, òmíràn ń ti ìsàlẹ̀ wá, àwọn méjèèjì sì ń kọ́ ara wọn láàrin aṣọ. Ọgbọ́n yìí ni ó mú kí ojú ìrán ẹ̀rọ le koko, tí kì í fi í tú bí òwú kan bá já. Ní ọdún 1851, Isaac Merritt Singer gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí aṣọ sì ń tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ní ọdún 1854, Allen B. Wilson gba tirẹ̀ lórí àwọn eyín kéékèèké tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ: wọn a yọ sókè, wọn a fa aṣọ síwájú, wọn a rì sílẹ̀, wọn a sì padà sí ipò wọn. Títí di òní olónìí, bí eyín ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Àwọn onílé-iṣẹ́ wọ̀nyí gbé ara wọn lọ sí kóòtù títí, kí wọ́n tó parí ìjà ní ọdún 1856, tí wọ́n kó ìwé àṣẹ wọn pọ̀ sí ojú kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ní láti san owó fún wọn, títí di ọdún 1877 tí ìwé àṣẹ tí ó gbẹ̀yìn parí. Ẹ̀rọ tí Singer kọ́kọ́ tà tó dọ́là 125, owó tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò lè san lẹ́ẹ̀kan náà. Edward Clark, alábàáṣiṣẹ́ Singer, ni ó wá ọ̀nà sí i ní ọdún 1856: kí oníbàárà san díẹ̀ sílẹ̀, kí ó gbé ẹ̀rọ lọ sílé, kí ó sì máa san ìyókù ní oṣooṣù. Báyìí ni ẹ̀rọ fi ti ilé-iṣẹ́ wọ inú ilé.

Ẹ̀rọ Dé Ẹ̀gbẹ́ Ààrò

Ìyàtọ̀ tí ẹ̀rọ mú bá iṣẹ́ ilé kì í ṣe kékeré. Ilé-iṣẹ́ Wheeler àti Wilson gbé ìṣirò kan jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860: ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tí ó ń gba wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 26 bí a bá fi ọwọ́ rán an, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 16 ni yóò gbà lórí ẹ̀rọ. Òǹtajà ni ó ṣe ìṣirò náà, òǹtajà kì í sì í pe ọjà rẹ̀ ní ọjà burúkú. Síbẹ̀, obìnrin tí ó ń rán aṣọ ọkọ, ọmọ àti ti ara rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́.

Kò sì pẹ́ tí ojú ìrán ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára kúìlìtì. Àwọn kan fi ẹ̀rọ so ègé aṣọ ojú òkè pọ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ara wọn. Àwọn mìíràn fi ẹ̀rọ ṣe gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n sì jẹ́ kí ojú ìrán náà wà ní gbangba níbi tí àlejò yóò ti rí i. Ní àkókò tí ẹ̀rọ ṣì wọ́n, ohun ìyangàn ni ojú ìrán ẹ̀rọ jẹ́.

Ẹni tí ó yẹ kí a dárúkọ níhìn-ín ni Harriet Powers. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ọdún 1837. Lẹ́yìn tí òmìnira dé, ó ṣe kúìlìtì kan tí ó fi ègé aṣọ gbé ìtàn inú Bíbélì kalẹ̀: Ádámù àti Éfà, Káínì àti Ábẹ́lì, Jákọ́bù àti àkàsọ̀ rẹ̀. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ níbi ìpàtẹ òwú kan ní ìlú Athens ní ọdún 1886. Obìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ àwòrán fẹ́ rà á lójú ẹsẹ̀, Powers kọ̀ láti tà á. Nígbà tí ó di ọdún 1891 tí ìṣẹ́ fẹjú mọ́ ọn, ó tà á ní dọ́là márùn-ún. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ni kúìlìtì náà wà lónìí, èkejì rẹ̀ sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Boston. Ohun tí ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí ni pé nínú kúìlìtì Bíbélì náà, ìrán ọwọ́ wà níbẹ̀, ìrán ẹ̀rọ sì wà níbẹ̀. Obìnrin tí gbogbo ayé ń yìn fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò rí ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá ọwọ́.

Àwọn onímọ̀ kan, tí John Vlach wà lára wọn, ti fi àwòrán tí Powers gé mọ́ aṣọ wé aṣọ aláwòrán tí àwọn oníṣọ̀nà ọba ń rán ní Abomey, ní ilẹ̀ Dàhómì àtijọ́. Ìfiwéra ni èyí. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan kọ́ ọ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rán ni létí pé ọgbọ́n àtifi ègé aṣọ ṣe ohun ńlá kì í ṣe ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan. Ẹni tí ó bá ti wo ẹ̀kú eégún ilẹ̀ Yorùbá dáadáa yóò ti rí bí a ṣe ń to ègé aṣọ pọ̀ lára àwọn gbájáálẹ̀ aṣọ tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nígbà tí eégún bá ń jó, àti bí àwọn ọmọ ilé ṣe ń fi aṣọ tuntun kún ti àtijọ́ láti ìran dé ìran. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ìránṣọ dé ilẹ̀ Yorùbá, ó wọ inú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú: lára ọ̀pọ̀ ẹ̀kú tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé, ìrán ẹ̀rọ àti ìrán ọwọ́ jọ wà pọ̀ ni. Eégún kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹni yẹpẹrẹ.

Ìdíje Chicago

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀rọ ti pọ̀ nílé, kò sì jẹ́ ohun ìyangàn mọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àárò ayé àwọn baba ńlá wọn, ìrán ọwọ́ sì di àmì ìwà àtijọ́ tí ó dára. Wọ́n wá ń sọ pé kúìlìtì tí a fi ẹ̀rọ rán kì í ṣe kúìlìtì gidi.

Ọdún 1933 ni ó fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀rọ̀ náà hàn ní ìlú kan ṣoṣo. Ní ibi ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Chicago ní ọdún náà, ilé ìtajà Sears ṣe ìdíje kúìlìtì tí iye kúìlìtì tí ó wọlé sí i lé ní ẹgbàá mẹ́wàá. Àkókò náà jẹ́ àkókò ọ̀dá owó, ẹ̀bùn ẹni tí ó gba ipò kìíní sì lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là kan. Kúìlìtì tí ó gba ipò náà jẹ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí ó gún régé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn-ò-rẹyìn ni ó hàn pé ẹni tí ó fi orúkọ sílẹ̀ fún un kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an; àwọn obìnrin mìíràn ni ó bẹ̀ níṣẹ́, owó ńlá náà kò sì dé ọwọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ inú èyí kò farasin: ìrán ọwọ́ nìkan kò tó láti fi ìwà òtítọ́ sínú iṣẹ́.

Ní ibi ìpàtẹ kan náà ni Singer ti fi ẹ̀rọ kékeré kan hàn, èyí tí a mọ̀ sí Featherweight. Aluminiọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kílò márùn-ún lọ. Ojú ìrán tí ó tọ́ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n rán. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn tí ń ṣe kúìlìtì ṣì ń wá ẹ̀rọ yìí kiri, nítorí pé ojú ìrán tí ó tọ́ tí ó sì bára dọ́gba ni síso ègé aṣọ pọ̀ ń béèrè jù lọ. Ẹ̀rọ tí ó mọ nǹkan kan ṣe dáadáa lè wúlò ju èyí tí ó mọ ọgọ́rùn-ún nǹkan lérèfé lọ.

Gee's Bend àti Paducah

Ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní agbègbè Wilcox, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ti ń fi ògbólógbòó aṣọ iṣẹ́ oko ṣe kúìlìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òtútù má baà pa àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí ìjà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò dé ní àwọn ọdún 1960, àwọn kan lára wọn pàdánù iṣẹ́ àti ilé nítorí pé wọ́n lọ fi orúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ní ọdún 1966, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájùmọ̀ṣe kan sílẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Freedom Quilting Bee, kí wọ́n lè máa ta kúìlìtì wọn fún owó. Lẹ́yìn náà, wọ́n gba iṣẹ́ láti máa rán ìbòrí ìrọ̀rí fún Sears, ilé ìtajà kan náà tí ó ṣe ìdíje Chicago. Fún àwọn obìnrin wọ̀nyí, ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ṣe ohun tí ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni, bí ó ti rí lójú àwọn télọ̀ Paris. Òun ni ó ń gbé oúnjẹ wá. Ní Gee's Bend tí ó wà ní agbègbè kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ẹ̀rọ so ojú òkè pọ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Houston àti ti Whitney ní New York ní ọdún 2002, kò sí ẹni tí ó tìtorí ojú ìrán ẹ̀rọ sọ pé iṣẹ́ náà kò níyì.

Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó dé, àríyànjiyàn kan ti wáyé. Ní ọdún 1974, Ernest Haight, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska, tẹ ìwé kékeré kan jáde láti fi kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń fi ẹ̀rọ inú ilé rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ní ọdún 1987, Harriet Hargrave tẹ ìwé tirẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí ó di ọdún 1989, ní ìdíje ńlá tí ó máa ń wáyé lọ́dọọdún ní ìlú Paducah, ìpínlẹ̀ Kentucky, Caryl Bryer Fallert gba ipò kìíní pẹ̀lú kúìlìtì kan tí ó fi òṣùpá tí ó bo oòrùn lójú hàn. Ẹ̀rọ ni ó fi rán an láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irú rẹ̀ kò sì tíì gba ipò náà rí. Inú àwọn kan kò dùn; lójú tiwọn, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún ikú iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n Fallert fúnra rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ pa aṣọ kúìlìtì náà láró, òun ni ó ya ọnà rẹ̀, òun náà ni ó ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ ni ó yí padà. Ọwọ́ kò kúrò nínú iṣẹ́ náà.

Ohun Tí Ìtàn Yìí Kọ́ Olùrà

Pẹ̀lú ìtàn yìí lọ́kàn, ìbéèrè tí ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ dáhùn kò sí lára ẹ̀rọ. Inú iṣẹ́ ara rẹ̀ ni ó wà. Bí ó bá jẹ́ pé síso ègé aṣọ pọ̀ nìkan ni yóò fi ẹ̀rọ ṣe, tí yóò sì fi ọwọ́ rán ìyókù bíi ti àwọn obìnrin Gee's Bend, ẹ̀rọ lásán tí ojú ìrán rẹ̀ tọ́ ti tó o. Kí ó ṣáà rí i pé òun lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà wọn ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì láìṣìnà, nítorí pé bí ègé aṣọ bá ti pọ̀, àṣìṣe kékeré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò di ńlá nígbà tí wọ́n bá pé jọ.

Bí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, ohun mẹ́ta ni kí ó wò. Èkínní ni àyè tí ó wà láàrin abẹ́rẹ́ àti òpó ẹ̀rọ ní ọwọ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ ni a óò ká kúìlìtì sí bí ẹní. Àyè ínǹṣì mẹ́fà tàbí méje tí ó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé yóò fún aṣọ ìbora ńlá mọ́ra, nígbà tí ínǹṣì mẹ́sàn-án tàbí mọ́kànlá yóò dẹ̀ ẹ́ lára. Èkejì ni eyín tí Wilson dá sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì aránṣọ ni yóò máa darí aṣọ síbi tí ó bá wù ú. Ó dà bí ẹni tí ń ya àwòrán nígbà tí pẹ́ńsù dúró tí ìwé sì ń rìn. Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ tí ó ní eyín tirẹ̀ lókè, tí ó ń fa ìpele òkè bí eyín ìsàlẹ̀ ti ń fa ìpele ìsàlẹ̀, kí ọ̀kan má baà ṣáájú èkejì kí aṣọ sì wú. Ẹ̀rọ ńlá kan tún wà tí a ń gbé sórí férémù, tí aṣọ dúró tí ẹ̀rọ sì ń rìn. Ó yá kánkán, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ó sì ń gba yàrá kan tọ̀tọ̀. Ẹni tí ń fi kúìlìtì ṣòwò ni ó yẹ jù lọ.

Kí olùrà má ṣe jẹ́ kí òǹtajà fi ègé aṣọ pẹlẹbẹ kan dán ẹ̀rọ wò fún un. Kí òun fúnra rẹ̀ mú aṣọ ìpele mẹ́ta lọ láti ilé, kí ó rán an, kí ó yí i padà, kí ó sì wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni òwú méjì tí Howe so pọ̀ yóò ti jẹ́rìí: bí òwú ìsàlẹ̀ bá ń yọ sókè, tàbí tí òwú òkè bá ń ṣe kókó lábẹ́, ó fẹ́ kí a tún okùn rẹ̀ fà, tàbí kí a fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Kí ó sì béèrè ẹni tí yóò tún un ṣe nítòsí. Àwọn télọ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ilé-iṣẹ́ tí Singer kọ́ sí Clydebank ní Scotland ní àwọn ọdún 1880 ti kógbá sílé láti ọdún 1980, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ìránṣọ Singer àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ káàkiri, nítorí pé ẹni tí ó lè tú u tò wà ní àdúgbò. Ìdí mìíràn ni pé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ni ó ń yí wọn, kò kàn wọ́n bí iná bá lọ.

Àwọn télọ̀ Paris bẹ̀rù pé ẹ̀rọ yóò gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, ẹ̀rù wọn kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán. Harriet Powers fi ẹ̀rọ kún ọwọ́. Àwọn obìnrin Wilcox fi í wá oúnjẹ fún ara wọn lẹ́yìn tí àwọn ẹlòmíràn ti gba oúnjẹ náà lẹ́nu wọn. Ẹ̀rọ kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ àti ẹni tí èrè iṣẹ́ náà ń bá lọ sílé. Olùrà tí ó bá ti mọ ohun tí òun fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yóò mọ ẹ̀rọ tí yóò rà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bí ó ra èyí tí ó wọ́n jù lọ ní ọjà, àkísà rẹ̀ yóò ṣì wà nínú àpótí.